Oúnjẹ tó bá ọ̀fun ará Kàbà mu ní Kuala Lumpur

Ẹni tó bá ti Kàbà tàbí Ìsánlú dé Kuala Lumpur, olú-ìlú Màléṣíà, kó má tíì máa wá ilé oúnjẹ Náíjíríà kiri. Ó wà, àmọ́ ó wọ́n. Ọjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ wọ mónórélì, kẹ́ ẹ sọ̀ ní Chow Kit, kẹ́ ẹ sì wọ ọjà ibẹ̀ láàárọ̀. Ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bayam, tẹ̀tẹ̀ gan-an ni. Bendi ni ilá. Udang kering, edé gbígbẹ, á ṣe iṣẹ́ edé tiwa. Pisang tanduk ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ẹ má fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dín dòdò, epo ló máa mu. Kambing ni ẹran ewúrẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi orúkọ yẹn pe àgùntàn náà, ẹ bi wọ́n dáadáa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kó sí ìjàngbọ̀n ni iṣu. Bí wọ́n bá kọ “yam” sára nǹkan níbẹ̀, kókò ni wọ́n ń wí, èyí tí wọ́n ń pè ní keladi lédè wọn. Ó ń yún ọwọ́ (ẹ fi òróró pa ọwọ́ kẹ́ ẹ tó bó o), kò sì lè fà bí iyán láéláé. Èlùbọ́ iyán ni kẹ́ ẹ gbé láti ilé: ife kan sí omi ife méjì. Omi náà gbọ́dọ̀ hó yaya, kẹ́ ẹ sì máa rò ó bẹ́ ẹ ṣe ń dà á. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní jẹ kókò, kókó lẹ máa jẹ.

Epo pupa ńkọ́? Màléṣíà wà lára àwọn tó ń ṣe epo ọ̀pẹ jù láyé, síbẹ̀ wọ́n sábà máa ń yọ àwọ̀ rẹ̀ kó tó dénú ìgò. Èyí tó pupa, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà ni.

Tí irú bá tán, ẹ wá natto ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Japan. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè, tí wọ́n sì bò bíi ti irú ni, páálí kékeré rẹ̀ kì í sábà ju 50 gíráàmù lọ. Ẹ yọ ọbẹ̀ àti mọ́sítáàdì tó wà nínú rẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ din ín nínú epo gbígbóná títí yíyọ̀ rẹ̀ á fi lọ. Tempe, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n mú kó dì pọ̀ gbagidi, kì í ṣe arọ́pò irú.

Lálẹ́, ẹ lọ sí mamak, búkà àwọn Mùsùlùmí ará Íńdíà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀kùn mọ́jú. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ìrẹsì yín ní “banjir”, wọn á da oríṣiríṣi ọbẹ̀ lé e títí yóò fi rin gbingbin.