3,000 yen lórí bébà 100 yen: bí mo ṣe fa omikuji ní Tokyo

Ní ojúbọ tí mo lọ ní Tokyo, 100 yen péré ni wọ́n ń fa omikuji, ìyẹn bébà tí àwọn ará Jàpáánì máa ń fà láti mọ bí nǹkan yóò ṣe rí fún wọn. Amọ̀nà tó mú mi lọ gba 3,000 yen. Ó ní òun yóò dúró tì mí, òun yóò sì túmọ̀ ohun tó bá jáde. Ó ṣì ń dùn mí, torí iṣẹ́ tó gbowó lé lórí gan-an ni kò ṣe.

Ọwọ́ fífọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àdúrà àti àtẹ́wọ́ kò le. Ẹ ṣáà máa wo ẹni tó wà níwájú yín. Mo ju owó wẹ́wẹ́ sínú àpótí, mo gbé agolo onírin tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀, mo mì ín dáadáa, mo dojú rẹ̀ dé, igi kan sì yọ orí jáde.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ló wà lára igi, dúrọ́ọ̀ tó ní nọ́ńbà kan náà lẹ ó sì ṣí kí ẹ mú bébà. Ṣùgbọ́n kanji, ìyẹn àmì ìkọ̀wé àwọn ará Jàpáánì, ni wọ́n fi kọ ọ́, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Lára tèmi, ìlà mẹ́ta wà lórí ara wọn, àgbélébùú kan tẹ̀ lé e, ìlà méjì sì wà nísàlẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni 3, àgbélébùú ni 10, ìlà méjì ni 2. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú méjì, 32 nìyẹn. Mo yí igi náà lódì, ó di 23! Méjèèjì ló sì ní dúrọ́ọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn kí n bi amọ̀nà, ó ti wà lọ́hùn-ún tó ń ya fọ́tò fún àwọn mìíràn. Mo pè é, ó ní kí n ṣí èyí tó bá wù mí. Èyí tó bá wù mí kẹ̀? Kí wá ni mo mi agolo fún?

Èrò ti tò sẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n mi ò kúrò. Mo tẹjú mọ́ igi náà títí mo fi rí i pé nínú ìlà méjì yẹn, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Mo wo ara àwọn dúrọ́ọ̀: níbi gbogbo tí àmì yẹn wà, ìlà gígùn ló wà nísàlẹ̀. Mo dúró lórí 32. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, aláṣọ funfun àti ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ pupa, wo igi ọwọ́ mi, ó sì nawọ́ sí dúrọ́ọ̀ tí mo ti dì mú. Inú mi dùn gan-an, èmi tí mi ò ka kanji rí!

Ìgbà yẹn ni amọ̀nà dé. Ó wo òkè bébà, ó ní, "Shōkichi, oríire kékeré," ó ní kí n so ó mọ́ okùn ká máa lọ. Ó tán. Babaláwo wo ló ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí kò ní ki ẹsẹ̀ kan? Ewì wà lórí bébà yẹn. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò, òwò, àìsàn, ìgbéyàwó àti ẹni tí à ń retí wà níbẹ̀. Mi ò so ó. Èyí tí kò dára, tí wọ́n ń pè ní kyō, ni ọ̀pọ̀ wọn ń so sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbé e délé. Fóònù ni mo fi ka tèmi nígbà tó yá: ohun tó sọnù yóò yọ, níbi tó rẹlẹ̀. Ewì yẹn kò yé fóònù rárá.

Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè wọn, Meiji Jingu, ojúbọ kan ní Tokyo, ni kó kọ́kọ́ lọ. 100 yen náà ni, kò sí oríire tàbí aburú lórí tiwọn, ewì Ọba Meiji ti Jàpáánì àti ayaba rẹ̀, Shōken, ni, wọ́n sì ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Sensō-ji ní Asakusa, àdúgbò kan ní Tokyo, náà ní Gẹ̀ẹ́sì lára bébà rẹ̀, àmọ́ tẹ́ḿpìlì Búdà ni, kì í ṣe ojúbọ bíi Meiji Jingu, kyō sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Bí amọ̀nà bá sì ní òun yóò túmọ̀, kó kà á dé ìsàlẹ̀ bébà kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ fún un.