Bí a ṣe ń ka ejò nínú fíìmù, nínú ìwé àti lára àmì

Bí ejò bá ti yọ nínú fíìmù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu èèyàn ni pé ọ̀dàlẹ̀ kan ti wọlé. Nígbà míì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ejò wà lára àmì Àjọ Ìlera Àgbáyé, ejò wà níwájú adé Fáráò, ejò náà ló sì bá Éfà sọ̀rọ̀ nínú ọgbà Édẹ́nì. Nítorí náà, ẹ fi ìbéèrè "ṣé rere ni àbí búburú" sí ìkẹyìn. Ohun tí ejò ń ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀

Ẹ dá fíìmù dúró níbi tí ejò ti yọ. Tó bá jẹ́ ìwé ni, ẹ fàlà sábẹ́ gbólóhùn náà. Ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: irú ejò tó jẹ́, ohun tó ń ṣe, ẹni tó rí i, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kété lẹ́yìn rẹ̀. "Ejò dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, ó ká jọ sábẹ́ ibùsùn, ọmọ nìkan ló rí i, ìyá pa iná": èyí wúlò. "Ewu ń bọ̀" kò wúlò, torí ẹ ti dájọ́ kí ẹ tó gbọ́ ẹjọ́.

Ìṣe kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń sọ

Bíbọ́ awọ ló jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n ń kà lóréfèé jù. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó dúró fún ìsọdọ̀tun. Ohun tí wọn kì í rántí ni bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kí ejò tó bọ́ awọ, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe bàìbàì, kò ní ríran dáadáa, á sì máa sá pamọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹnu ra nǹkan tó le, awọ á là láti ètè, á sì yí inú síta bí ìbọ̀sẹ̀ tí a fà bọ́. Àní ìbòjú tó bo ẹyinjú rẹ̀ máa ń bá awọ náà lọ. Nítorí náà, ẹ wá àkókò àìríran yẹn nínú ìtàn: ẹni tó fẹ́ di ẹni tuntun, ibo ló ti kọ́kọ́ ṣìnà, tó ń fara pamọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀? Bó bá jẹ́ pé awọ nìkan ni wọ́n rí nílẹ̀, ẹ̀rí ni pé ẹni kan ti yí padà, ó sì ti kúrò níbẹ̀. Nínú ìtàn ọba Gilgamesh láti Mesopotámíà, ìyẹn ilẹ̀ Iraq òde òní, ejò jí ewéko tó ń sọ àgbà di ọ̀dọ́ mọ́ ọba náà lọ́wọ́, ó sì bọ́ awọ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Èèyàn pàdánù, ejò jèrè. Ìsọdọ̀tun ẹnì kan lè jẹ́ àdánù ẹlòmíràn.

Ejò tó gbé ìrù ara rẹ̀ mì dúró fún ohun tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní òpin. Ó wà lára ọ̀kan nínú àwọn àpótí oníwúrà inú ibojì ọba Tutankhamun ní Íjíbítì, tó ti lé ní 3,300 ọdún. Ẹ wò ó bóyá òbírí náà pé tàbí àlàfo wà láàárín orí àti ìrù. Àlàfo sábà máa ń jẹ́ ọ̀nà àbáyọ.

Òjòlá kò ní oró. Ṣe ló ń fún ẹran títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fi ní ṣàn mọ́. Ìdí nìyí tó fi bá ìfẹ́ tí kò jẹ́ kéèyàn mí mu, tó sì bá gbèsè tó ń le sí i díẹ̀díẹ̀ mu. Kò bá ìjàǹbá òjijì mu.

Ejò tó na ọrùn sókè, tó fẹ̀ ẹ́, ń kìlọ̀ ni. Kò tíì bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ̀ṣọ́ ni irú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Òun ni ti orí adé Fáráò, òun náà ló sì wà nínú ìtàn àwọn ẹlẹ́sìn Buddha, níbi tí ọba ejò Mucalinda ti fi ọrùn rẹ̀ ṣe ìbòrí fún Buddha nínú òjò.

Ahọ́n ẹlẹ́ka méjì kò ní oró nínú. Òórùn ni ejò fi ń kó, kó lè mọ ìhà tí ẹran gbà. Òpùrọ́ ni ìwé sábà máa ń fi ṣe. A gbà, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó ń tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn yẹ fún un ju òpùrọ́ lọ.

Ẹ ka iye ejò, ẹ wo orí ọ̀pá

Lára àmì iléèwòsàn, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tó. Ejò kan, ọ̀pá kan, kò sí ìyẹ́: ọ̀pá Asclepius nìyẹn, òrìṣà ìwòsàn àwọn Gíríìkì. Ejò méjì pẹ̀lú ìyẹ́ lórí: ti Hermes ni, ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà, alátìlẹ́yìn oníṣòwò àti olè. Ẹ̀ka ìṣègùn iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gba ti Hermes ní 1902, àṣìṣe náà sì tàn kálẹ̀. Ejò tó rọ̀ mọ́ ife jẹ́ ti Hygieia, ọmọ Asclepius. Àwọn apòògùn ló ń lò ó. Bí olùdarí fíìmù bá gbé ọ̀pá ejò méjì sẹ́nu ọ̀nà iléèwòsàn kan tó ń lu àwọn aláìsàn ní jìbìtì, ẹ má yára pè é ní aláìmọ̀kan.

Kíka iye ṣiṣẹ́ níbòmíràn pẹ̀lú. Ní 1754, Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ àwòrán ejò tí a gé sí ọ̀nà mẹ́jọ jáde, láti pe àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà sí ìṣọ̀kan. Ẹni tó bá mọ òwe àìrìnpọ̀ ejò kò nílò àlàyé kankan.

Ẹ tọ ipasẹ̀ nǹkan, kì í ṣe ti ejò nìkan

Ejò tó yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè wà fún ìpayà lásán. Bó bá yọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun èlò, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Ká ní obìnrin kan wọ ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n ṣe bí ejò nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ibi tí orí ejò kọjú sí: ṣé sí ìka ni, bíi pé òun ló ń darí rẹ̀, àbí sí òkè apá, bíi pé ó ń bọ̀ wá bá a? Láàárín fíìmù, ọwọ́ ta ni ẹ̀gbà náà wà? Bí àbúrò rẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́, agbára ti ṣí nípò, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ọ́ jáde.

Ẹ béèrè ẹni tó ń sọ ìtàn

Nínú The Jungle Book, ìwé tí Kipling kọ ní 1894, Kaa, òjòlá ńlá nì, wà lára àwọn tó gba Mowgli, ọmọ tí ìkookò tọ́ dàgbà, lọ́wọ́ àwọn ọ̀bọ. Nínú fíìmù àwòrán tí Disney ṣe ní 1967, Kaa fẹ́ gbé ọmọ náà mì. Ẹ máa kọ ọdún ẹ̀dà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bíbélì náà kò fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀: Jẹ́nẹ́sísì kò pe ejò ní Sátánì, Ìfihàn 12:9 ló ṣe bẹ́ẹ̀, nínú Nọ́ḿbà 21, ẹni tó wo ejò idẹ ń yè, nínú Àwọn Ọba Kejì 18:4, Hesekáyà fọ́ ejò idẹ yẹn kan náà, torí àwọn èèyàn ti ń sun tùràrí sí i.

Fún ẹni tó fẹ́ fi ejò sínú iṣẹ́ tirẹ̀

Àṣìṣe tó máa ń bà á jẹ́ kò pọ̀. Òjòlá tó ń fi oró pa èèyàn. Ejò onírù tó ń dún nínú igbó Áfíríkà tàbí Íńdíà, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Gúúsù nìkan ló ń gbé. Ejò tó ń jó sí orin fèrè: mímì fèrè ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe orin. Àti ejò tó ń ṣẹ́jú. Ejò kò ní ìpéǹpéjú, ojú tí kì í pa dé yẹn sì ni gbogbo ìtàn pé ó ń fi ojú mú èèyàn ti wá. Nínú fíìmù Raiders of the Lost Ark, tó jáde ní 1981, púpọ̀ nínú "ejò" tó wà nílẹ̀ jẹ́ aláǹgbá tí kò lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá dá ìran náà dúró níbi tí kámẹ́rà ti sún mọ́ wọn, ẹ wá ìpéǹpéjú àti ihò etí.