Okùn Ló Já, Aṣọ Ò Ya: Àṣìṣe Tá À Ń Ṣe Tá A Bá Ń So Hámọ́ọ̀kì Mọ́gi

Ọdún Iléyá tó kọjá la kóra wa jọ láti Kubwa l'Ábújá, àwa bíi mẹ́fà, a wa mọ́tò gba ọ̀nà Ushafa lọ ká lọ sinmi lábẹ́ igi. Ọ̀rẹ́ wa kan (ẹ má bi mí lórúkọ ẹ̀) ti ra hámọ́ọ̀kì tuntun, ibùsùn aṣọ tí wọ́n ń so kọ́ sáàárín igi méjì yẹn, ó rẹwà gan-an. Owó tó ná sórí aṣọ yẹn ò kéré, ló bá lọ fi okùn búlúù tí ìyàwó ẹ̀ fi ń sá aṣọ so ó. Ó fà á le bí awọ ìlù, ó gorí ẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ní ká gbé súyà wá. Súyà ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tá a fi gbọ́ gbìì, bùọ̀dá ti wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó ní ọ́fíìsì. Gbogbo wa ń bú aṣọ, pé ọjà ayédèrú ni wọ́n tà fún un, àfìgbà tá a gbé e sókè wò tá a rí i pé kò ya níbì kankan. Okùn ló já.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Aṣọ là ń náwó lé, ohun tó máa gbé aṣọ dúró, inú bùútù la ti ń wá a láàárọ̀ ọjọ́ tá à ń lọ.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni fífà á le. Ojú máa ń tan èèyàn pé tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ bíi bẹ́ẹ̀dì ìyẹn ló dáa, irọ́ ni. Ẹ rántí okùn ìsáṣọ nílé, tẹ́ ẹ bá fà á le koko, jíǹsì tútù kan ṣoṣo á fẹ́rẹ̀ẹ́ fa òpó wó, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ á gba aṣọ gbogbo ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ wọn kílò 80. Tí okùn bá dagẹ̀rẹ̀ láti ara igi wá ní dìgírì 30 sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kílò 80 ló máa kan apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fà á dé dìgírì 15, ó ti di bíi 155. Ní dìgírì 10 ó ti di 230. Tẹ́ ẹ bá wá ṣorí kunkun tẹ́ ẹ fà á dé 5, bíi kílò 460 ni, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́sàn-án lọ lápá ọ̀tún, mẹ́sàn-án lápá òsì, nítorí èèyàn kan tó fẹ́ sùn lọ́sàn-án! Okùn ìsáṣọ wo ló fẹ́ gbé ìyẹn?

Ẹ ò sì nílò ohun ìwọ̀n kankan kẹ́ ẹ tó mọ dìgírì 30. Ẹ fi ọwọ́ ṣe ìbọn bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣe é, àtàńpàkò sókè, ìka kejì síwájú, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, tí okùn bá ti gba orí àtàńpàkò kọjá sí orí ìka kejì, ó ti ṣe nìyẹn. Ẹ so ó ga lára igi, kí àárín ẹ̀ wọ̀ dáadáa, kí ibi tẹ́ ẹ máa fìdí lé má ga ju àga lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 45, tó bá já ẹ̀rín lẹ máa rín, ẹ ò ní lọ ọsibítù. Àwọn tó ní tó bá wọ̀ ẹ̀yìn á máa dun àwọn, ẹ má sùn tààrà nínú ẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, ẹ jẹ́ kí orí lọ apá kan kí ẹsẹ̀ lọ apá kejì, ẹ̀yìn á tẹ́.

Ó ku ọjà rírà. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà Dei-Dei tẹ́ ẹ ní okùn tó lágbára lẹ fẹ́, gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ló máa ní tòun ń fa tírélà. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Polyester ni kẹ́ ẹ wá, kì í nà púpọ̀. Nylon (kì í ṣe láílọ́ọ̀nù tá a fi ń gbé búrẹ́dì o) lágbára lóòótọ́ àmọ́ ó ń nà, tí òjò bá tún wá pa á ó ń nà sí i, ẹ sùn ní ìwọ̀n àga ẹ jí ní ìwọ̀n ẹní. Polypropylene ni wọ́n sábà fi ń ṣe okùn olówó pọ́ọ́kú, òun náà ni wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, ẹ sì mọ bí àpò ìrẹsì ṣe máa ń rún tí oòrùn bá ti pa á pẹ́. Bẹ́líìtì tí àwọn onítírélà fi ń de ẹrù dáa, ẹ ṣáà wo pépà tí wọ́n rán mọ́ ọn, nínú àwọn tí wọ́n ṣe ní ìlànà Yúróòpù, àwọ̀ pépà yẹn ń sọ̀rọ̀: búlúù ni polyester, àwọ̀ ewé ni nylon, búráùn ni polypropylene. Tí pépà bá ti já kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ fún onítírélà. Irin tí wọ́n fi ń fún un pọ̀, ẹ má lò ó, torí iṣẹ́ ẹ̀ náà ni kó fà á le.

Kí bẹ́líìtì náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 ó kéré tán. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń jẹ èèpo igi, abẹ́ èèpo yẹn sì ni awọ tútù tó ń mú igi sanra wà, ẹ bá a jẹ́ yí igi ká, ẹ ti pa igi onígi. Ní abúlé tẹ́ ẹ ti tọrọ àyè, ẹ ò ní rí àyè gbà lẹ́ẹ̀kejì. Kó gùn dáadáa pẹ̀lú: dóńgóyárò tó dàgbà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, yíyí ẹ̀ ká ti ń lọ sí mítà 2, ẹ wá ra bẹ́líìtì mítà kan àbọ̀ torí ó dínwó, kò ní yí igi ká débi tó máa kan hámọ́ọ̀kì. Mítà 3 lápá kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń sọ. Igi tó ti kú, ẹ má so nǹkan mọ́ ọn, ẹ̀ka gbígbẹ lókè orí náà ẹ wò ó. Ìbẹ́pẹ kì í ṣe igi jàre, inú ẹ̀ ṣófo.

Àwọn tó ń wo YouTube ló kù. Wọ́n á ní whoopie sling làwọn fẹ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi Dyneema, fọ́nrán oníke tó lágbára gan-an, hun yẹn, torí kò wúwo. Ó dáa, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, kókó lásán kì í dúró lára ẹ̀, ẹ sì tún máa nílò bẹ́líìtì tó máa yí igi ká. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń ka gíráàmù. Àwa, kúlà wà ní bùútù, sítóòfù wà ńbẹ̀, àga rọ́bà mẹ́rin wà ńbẹ̀, kí la fẹ́ fi ìfúyẹ́ ṣe? Bẹ́líìtì tí wọ́n rán ojú-ojú sí lára, tẹ́ ẹ kàn máa fi ìkọ́ há ojú tó bá wù yín, ìyẹn tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kókó ò sì ní dín agbára ẹ̀ kù. Àmọ́ ìkọ́ yẹn kọ́ ni èyí tí wọ́n ń fi kọ́ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń tà nínú gosiló Berger o! Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ìdí ẹ̀ gan-an pé kì í ṣe fún gígun òkè. Èyí tó dájú máa ń ní kN (ìwọ̀n agbára tó lè gbà) lára, kN kan tó bíi kílò 100.

Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ so fọ́nrán òwú kan mọ́ bẹ́líìtì nítòsí ibi tó ti kan hámọ́ọ̀kì kó máa rọ̀ sílẹ̀, omi tó ń ṣàn bọ̀ láti ara igi á gba ibẹ̀ kán sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdí yín ló ń bọ̀. Kẹ́ ẹ sì máa fọwọ́ wá ojú ìrán wò kẹ́ ẹ tó so ó. Tèmi ti ń yọ òwú létí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa gé e, kí n fi máa de kẹ́ẹ̀gì omi sí bùútù.