Orin Dáadáa Mẹ́wàá, Àwo Tó Ń Súni: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Títo Àwo Orin Rọ́ọ̀kì

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan tó ń ṣe orin rọ́ọ̀kì n'Íbàdàn gbé àwo wọn àkọ́kọ́ wá bá mi pé kí n bá àwọn gbọ́ ọ kí àwọn tó gbé e jáde. Orin mẹ́wàá ni. Mo gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí kò wù mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti sú mi kí orin kẹfà tó parí. Mo tún un gbọ́ lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ náà ló tún ti sú mi. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ ni mo tó rí i: orin kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ń sáré bákan náà, gìtá ló ṣíwájú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, key kan náà (ìpele ohùn tí orin dúró lé) ni wọ́n wà, ìdákẹ́ tó wà láàárín wọn sì gùn dọ́gba. Kò sí orin tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ìjókòó wọn ni kò bára mu.

Ibi tí orin kan ti ń parí tí òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni mò ń pè ní oríkèé. Egungun ẹsẹ̀ lè le bí irin, bí orúnkún bá ti yẹ̀, onítọ̀hún ò ní rìn dáadáa. Oríkèé ni púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń wáyé, ó sì ń dùn mí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ yìí ń náwó gidi sí sítúdíò, wọ́n á fi oṣù mẹ́fà gba orin sílẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo to gbogbo rẹ̀.

Ẹ má fi orúkọ orin to àwo

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ń ṣe ni pé wọ́n á kọ orúkọ orin sórí bébà, wọ́n á máa fa ìlà lọ sókè sódò, wọ́n á sì máa jiyàn. Orúkọ kì í dún. Ohun tí olùgbọ́ máa gbọ́ ni ìparí orin yìí àti ìbẹ̀rẹ̀ orin tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ gé ìdajì ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn orin kan, ẹ so ó mọ́ ìdajì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ orin kejì, kí ẹ sì gbọ́ ọ. Orin mẹ́wàá ní oríkèé mẹ́sàn-án, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré. Ẹ gbé e sórí fóònù, ẹ máa gbọ́ ọ nínú ọkọ̀. Èyí tí kò dáa á fi ara rẹ̀ hàn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Àṣìṣe tó fara pẹ́ èyí ni kí ẹ yí ohun gbogbo padà lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ẹ má yí ohunkóhun padà rárá. Etí ń fẹ́ ohun kan tó máa dì mú nígbà tí òmíràn bá ń yí. Ẹ wo Green Day nínú American Idiot (2004). Nígbà tí "Holiday" bá parí, "Boulevard of Broken Dreams" ló kàn, orin méjèèjì sì wà nínú key kan náà, F minor. Ìyára ló já wálẹ̀: ẹni tó ń pariwo lójú pópó pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló wá ń dá rìn yìí. Nítorí pé key kò yí, ẹ máa mọ̀ pé ẹni kan náà ni. Ká ní wọ́n yí key pọ̀ mọ́ ìyára ni, orin méjì lásán ni à bá gbọ́.

Nígbà mìíràn, ariwo kékeré kan tó láti di oríkèé mú. Nínú àwo Sgt. Pepper tí àwọn Beatles gbé jáde ní 1967, orin kan parí pẹ̀lú igbe àwọn ẹranko, adìẹ sì wà lára wọn. Igbe adìẹ yẹn ló kọjú sí ohùn gìtá tó ṣí orin tó tẹ̀ lé e, ohùn méjèèjì sì jọra débi pé ẹ ò ní mọ ibi tí adìẹ dákẹ́ sí tí gìtá gbà á.

Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà pẹ̀lú àwo jùjú ti mọ ọ̀ràn yìí láti ilé. Nínú àwo Ebenezer Obey tàbí King Sunny Adé àtijọ́, ojú kan odindi lè lọ láìdúró: onílù á di ìlù mú, olórin á fi oríkì ẹnì kan sílẹ̀ bọ́ sínú òwe, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ibi tí orin ti yí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ọkàn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó fẹ́ so orin méjìlá pọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì kàn án lábùkù. Nínú jùjú, ìlù kan náà ló gbé gbogbo rẹ̀ dání. Nínú rọ́ọ̀kì, ariwo gìtá nílò ibi tó máa mí. Ẹ so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù dá dúró.

Ẹ má kó gbogbo agbára síwájú

Bí mo bá sọ èyí, ẹnìkan á dá mi lóhùn pé U2 ṣe é, ó sì gbè wọ́n. Òótọ́ ni pé orin mẹ́ta tó ṣí The Joshua Tree (1987) ni ayé mọ̀ jù nínú àwo náà. Ìtàn bó ṣe ṣẹlẹ̀ dára kí ẹ mọ̀. Ẹgbẹ́ náà kò lè fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa to orin. Wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún Kirsty MacColl, tí òun náà jẹ́ olórin, tó sì jẹ́ ìyàwó Steve Lillywhite tó ń bá wọn po orin pọ̀ ní sítúdíò. Ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe wù ú sí, èyí tó wù ú jù lọ níwájú.

Àmọ́ àwọn tó ń tọ́ka sí ìtàn yìí ń gbàgbé ìdajì rẹ̀. Kí U2 tó gbé iṣẹ́ fún un, wọ́n ti kan etí méjèèjì mọ́lẹ̀: "Where the Streets Have No Name" gbọ́dọ̀ ṣí i, "Mothers of the Disappeared" gbọ́dọ̀ pa á dé. Èyí tó kẹ́yìn yìí dá lórí àwọn ìyá ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí ìjọba ológun jí ọmọ wọn gbé lọ, kì í sì í ṣe orin tí rédíò máa ń wá. Wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà, wọ́n mọ ẹ̀yìnkùlé, àga inú pálọ̀ nìkan ni wọ́n gbà kí ẹlòmíràn tò. Bí ẹ bá fẹ́ fi U2 ṣe àpẹẹrẹ, ẹ kọ́kọ́ yan orin ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ kì í rò ó rárá. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń jù síbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí mo fẹ́ràn jù èyí. Ojú méjì ni àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní, ojú kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀, igun mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Bruce Springsteen gbé Born to Run (1975) ka igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Orin tó ṣí ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ sá kúrò nílùú pẹ̀lú ìrètí. Èyí tó pa ojú kọ̀ọ̀kan dé jẹ́ ti ìpàdánù. Kò sì fi orin tó fún àwo náà lórúkọ ṣíwájú. Ojú kejì ló fi ṣí, níbi tí olùgbọ́ ti dìde lọ yí àwo padà tó sì nílò ẹni tó máa tún fà á wọlé. Orin mẹ́jọ péré ló wà nínú àwo náà, kò sì sí èyí tó pàdánù sí àárín.

Ẹ má gbàgbé abẹ́rẹ́

Rẹ́kọ́ọ̀dù ti padà sọ́jà, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ tẹ tiwọn. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n á gé àwo sí méjì níbi tí àkókò bá ti dọ́gba, láì wo orin tó bọ́ síbẹ̀. Àwo ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, yálà abẹ́rẹ́ wà létí tàbí ó ti súnmọ́ àárín. Ṣùgbọ́n òbìrí etí tóbi, ti àárín kéré. Létí, nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà ojú ìlà ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítòsí àárín, kò ju nǹkan bí 21 lọ. Gbogbo ohùn tó yẹ kó wà nínú 50 ni a wá fún pọ̀ sínú 21 yìí, ìdí nìyẹn tí aro dúrọ́ọ̀mù àti ohùn "s" ẹnu olórin fi máa ń ha níbẹ̀. Orin tó rọlẹ̀ ló rọrùn láti fi parí ojú kan. Led Zeppelin kò tẹ̀ lé e ní 1971, orin tó gùn jù nínú àwo wọn kẹrin, tó sì ń ga sí i bó ṣe ń lọ, ni wọ́n fi parí ojú kìíní rẹ̀. Wọ́n mọ iye tó máa ná wọn, wọ́n sì san án. Èyí tí mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni kó ṣẹlẹ̀ sí yín láì mọ̀.

Bí ojú kan bá sì ti ń lọ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré nítorí àwọn ìlà ti há mọ́ ara wọn.

Ìdákẹ́ kì í ṣe àlàfo lásán

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ CD máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá méjì sáàárín orin fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé òfin ni. Kí ló dé tí orin ìbínú àti orin ìdágbére á fi ní ìdákẹ́ kan náà lẹ́yìn?

Abbey Road, tí àwọn Beatles gbé jáde ní 1969, ni ilé-ẹ̀kọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ojú kìíní parí láì dákẹ́ díẹ̀díẹ̀: gìtá ń tún ohun kan náà sọ, ariwo afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i, lójijì, gbogbo rẹ̀ gé. John Lennon ló ní kí wọ́n fi abẹ gé tépù níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé iná ti lọ.

Òpin ojú kejì tún yàtọ̀. Orin kékeré kan, "Her Majesty", wà láàárín àwọn ègé orin tí wọ́n so pọ̀. Paul McCartney gbọ́ ọ níbẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ sọnù. John Kurlander, ọ̀dọ́ ẹnjiníà tó wà níbẹ̀, mọ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún òun pé kí òun má da ohunkóhun tó jẹ́ ti Beatles nù. Ó ṣa ègé tépù náà, ó fi tépù tí kò ní ohùn sẹ́yìn orin tó kẹ́yìn, ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó sì wù wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ: orin ńlá parí, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 14 kọjá láìsí ohùn, ẹ ti fẹ́ dìde, ariwo kan já lù yín, gìtá kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré. Ariwo yẹn, ìparí orin tó wà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ohùn tó yẹ kó kẹ́yìn sì sọnù, torí orin tó tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀ ló mú un lọ. Ọgbẹ́ ibi tí wọ́n ti gé e ṣì wà lára rẹ̀ títí dòní.

Ọ̀pọ̀ rí irú èyí, wọ́n sì kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò yẹ. Nírvana fi orin kan pamọ́ sẹ́yìn Nevermind (1991), lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdákẹ́, gbogbo ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin pamọ́. Lórí CD, ẹni tó gbàgbé láti pa rédíò rẹ̀ ni orin náà máa ń bá lójijì, ó sì dùn. Lórí fóònù lónìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá asán ni, a ó sì fò ó.

Ẹ má fi fáìlì ba ohun tí ẹ ti so jẹ́

MP3 ń gé ohùn sí ègé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,152 sámpù, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ ohùn sílẹ̀. Bí orin kò bá kún ègé ìkẹyìn, ìdákẹ́ ló fi ń dí i, ó sì ń fi díẹ̀ síwájú náà. Orin méjì tí ẹ so láìsí àlàfo á wá ta kókó fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. FLAC, irú fáìlì orin mìíràn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ tún ronú sí ibi tí ẹ máa gé: bí ariwo ìsopọ̀ bá wà níbẹ̀rẹ̀ orin kejì, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin yẹn nìkan á kọ́kọ́ gbọ́ ìdọ̀tí. Ìparí orin àkọ́kọ́ ni mo máa ń fi í sí.

Àwọn kan ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ àwo lẹ́sẹẹsẹ mọ́. Ní oṣù kọkànlá 2021, Adele, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí Spotify, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń gbọ́ orin lórí fóònù, yọ bọ́tìnì tó ń da orin rú kúrò lójú àwo, wọ́n sì yọ ọ́. Kì í ṣe olórin rọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ó jà fún gbogbo wa.

Àwọn ọmọ Ìbàdàn yẹn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti gbé orin kẹfà lọ sípò kejì, wọ́n sì jẹ́ kí orin kẹrin parí sínú ariwo òjò tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí páànù ilé wọn. Ìkarùn-ún ni kò sí mọ́. Ẹni tó ń lu dúrọ́ọ̀mù ló kọ ọ́, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dára jù lọ nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ ọ́, lẹ́yìn tó ti gbé e sí gbogbo ibi tó ṣeé gbé e sí, tí kò rí ibi tó ti jókòó. Mo gbọ́ mẹ́sàn-án tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀.