Rédíò tèmi ń gbèsì: bí mo ṣe tún QCX mi tò

Asọ̀rọ̀mágbèsì làwọn àgbà ilé wa máa ń pe rédíò, tó bá ti ń sọ̀rọ̀ kóo ṣáà máa gbọ́ ni. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi tò ní Houston níbí, ó yẹ kó máa gbèsì ní tiẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án ńṣe ló kàn ń ṣe shììì.

QCX ni, rédíò téèyàn ń fúnra ẹ̀ tò láti máa fi báwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, èyí tó ń lo ìgbì 30 mítà, tí Hans Summers ti QRP Labs ṣe, Morse (èdè títẹ̀ kúkúrú àti gígùn) nìkan ló ń bá èèyàn sọ, agbára ẹ̀ ò sì ju wáàtì 3 sí 5 lọ. Ohun tó wù mí lára ẹ̀ ni pé ó ní ohun tó fi ń dán ara ẹ̀ wò nínú, kò dìgbà téèyàn bá ra irinṣẹ́ olówó gọbọi.

Mo kọ́kọ́ fi dummy load 50 ohm, ohun tó máa ń gba agbára rédíò dípò áńtẹ́nà, síbi tí áńtẹ́nà ń gbà, ẹ má fo ìyẹn o. Mo wá wọ Peak BPF nínú ménù, ibi tí wọ́n ti ń tún asẹ́ rédíò náà ṣe, ó á máa dá sígínà sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ìwọ á máa yí trimmer, nǹkan kékeré tí wọ́n ń fi screwdriver yí, títí ìlà ojú skríìnì á fi ga. Mo yí i, mo yí i, ìlà ò mira. Mo rò pé mo ti jó nǹkan kan ni, oúnjẹ alẹ́ ò tiẹ̀ wù mí jẹ mọ́.

T1 ló ń dà mí láàmú. Òrùka pupa kékeré kan ni, wáyà kọ́pà mẹ́rin lẹ máa we mọ́ ọn lára, wáyà yẹn sì ní ọ̀dà lára tí iná ò lè gbà kọjá, èmi rò pé ooru sódà, òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà mọ́ra, á jó o kúrò. Sódà yẹn ń dán gbinrin lójú, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni! Mo gbé mítà, mo fi sórí èyí tó máa ń dún, mo ń kan orí àti ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta dún, èyí tó gùn jù dákẹ́ lọ gbári. Mo tú u, mo fi abẹ há ọ̀dà yẹn dànù, mo tún un jó, bí mo ṣe padà yí trimmer báyìí, ìlà fò sókè, ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyí kan ṣoṣo, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ lo screwdriver oníke ṣá, torí onírin á máa yí nọ́ńbà dà bó bá ti fọwọ́ kàn án.

I-Q bal, Phase Lo àti Phase Hi tó tún wà nínú ménù, tí wọ́n fi ń pa ohùn tá ò fẹ́ gbọ́, òdìkejì nìyẹn, ìsàlẹ̀ là ń wá níbẹ̀. Tẹ́ẹ bá tún ọ̀kan ṣe á yẹ ìkejì, ẹ kàn máa lọ máa bọ̀, èmi lọ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ó wá ku nọ́ńbà crystal 27 MHz, ohun tí rédíò náà fi ń díwọ̀n ibi tó wà lórí afẹ́fẹ́. Mo tún un sí 10.000 MHz, WWV, iléeṣẹ́ rédíò ìjọba Amẹ́ríkà tó máa ń sọ aago, wọlé láti Fort Collins ní Colorado, pẹ̀lú ọkùnrin tó máa ń pe aago níbẹ̀. Ohùn tó yẹ kó jẹ́ 700 Hz, áàpù fóònù mi ní 760 ni. Ó fi 60 Hz lé nínú mílíọ̀nù 10 (10 MHz nìyẹn), tá a bá gbé e dé mílíọ̀nù 27 ó ń lọ sí nǹkan bí 160, mo bá yí nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú 160, ó bọ́ sí 700. Ẹ ṣọ́ra o, WWV náà máa ń fi ohùn 500 àti 600 ránṣẹ́, èmi kọ́kọ́ ń wọn ìyẹn bí ọ̀dẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ta wáyà mítà 14 sẹ́yìn ilé, mo pe CQ (ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ kó dáhùn) lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹnì kan dáhùn, ó fún mi ní 559, máàkì bó ṣe ń gbọ́ mi sí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé orúkọ ara mi gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣì í tẹ̀.