Bí Mo Ṣe Ka Kátíríjì Bàbá Ọdẹ ní Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rinrin ọ̀sà ni ọ̀tá kátíríjì ní Ẹ̀pẹ́. Èèyàn lè ní ìbọn tó dára, kó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, kó sì mojú igbó dáadáa, tó bá ti kó ọta rẹ̀ jọ sínú yàrá tí atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí, òjò bíi ọdún méjì ti tó láti ba apá kan jẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ọdẹ, fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun ka ohun tó wà nínú àpótí òun. Ojú wọn ò ríran tó mọ́ láti ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí kátíríjì, bẹ́ẹ̀ ni àkókò àtisọ ìwé àṣẹ ìbọn wọn di ọ̀tun ti ń súnmọ́. Wọn ò fẹ́ kí wọ́n bi àwọn ní iye ọta tó wà nílé, kí àwọn máa ká ìka.

Ìbọn wọn kì í ṣe ṣakabùlà. Ṣakabùlà, láti ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti Bàbá, ẹlẹ́nu méjì ni, ó máa ń ṣẹ́ láàárín, odindi kátíríjì tí ẹ̀tù àti ọta ti jọ wà nínú rẹ̀ ló sì ń jẹ. Òfin ìbọn ọdún 1959 tí a ṣì ń lò ní Nàìjíríà ya méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló sì ni àṣẹ irú ti Bàbá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbọn nìkan ni ìwé wà fún. Rárá o. Òfin náà kan kátíríjì pẹ̀lú. Ẹni tó bá kó o pamọ́ láìní àṣẹ ti rú òfin, bí kò tilẹ̀ ní ìbọn kankan nínú ilé.

Ìbọn la kọ́kọ́ kọjú sí. Bàbá ṣẹ́ ẹ, wọ́n ní kí n yọjú wo ihò méjèèjì, àwọn náà ki ìka bọ ìdí wọn. Nígbà tó dá wa lójú pé òfìfo ni, wọ́n gbé e lọ sí yàrá kejì, wọ́n sì tì í mọ́bẹ̀. Wọn ò gbà kí ìbọn àti ọta jọ wà lójú kan náà nígbà tí ọwọ́ èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Ìyá ti kó àwọn ọmọ kéékèèké ilé lọ sí ọjà Olúwo láti ra ẹja. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí èèpo kátíríjì làwọn ọmọ yẹn fi ń fọn fèrè, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó máa ṣàlàyé fún ọmọ ọdún mẹ́rin pé eléyìí ní nǹkan nínú, tọ̀hún ò ní.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí pákó náà wà, ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì gbalaja. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ohunkóhun tó bá jábọ́ lè hàn. Páálí mẹ́ta tí wọn ò tíì já ló kọ́kọ́ jáde, kátíríjì 25 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn rọrùn. Àwọn tó wà káàkiri ló gba àkókò: òmíràn nínú ọ̀rá, òmíràn nínú agolo mílíìkì, òmíràn nínú àpò ẹ̀wù ọdẹ mẹ́ta tó kọ́ sára ògiri. Mo ní kí Bàbá jẹ́ kí n tú gbogbo àpò ẹ̀wù náà pátá, títí kan èyí tí wọ́n ní àwọn ò wọ̀ mọ́. Inú èyí tí wọn ò wọ̀ mọ́ yẹn gan-an ni mo ti rí márùn-ún.

Nọ́ńbà ìdí rẹ̀ ni mo fi ṣà wọ́n kí n tó wo nǹkan mìíràn. Ìbọn Bàbá, 12 ni. Nọ́ńbà yẹn ò tọ́ka sí bí ihò ṣe fẹ̀ ní íńṣì. Ohun tó ń sọ ni pé tí wọ́n bá fi òjé pọ́n-ùn kan mọ ọta róbótó 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ló bá ihò ìbọn náà mu. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni kátíríjì ń kéré sí i, 20 sì tín-ínrín ju 12 lọ. Láàárín àwọn tó tú ká yẹn ni mo ti bá méjì tí ara wọn jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò. Mo yí ìdí wọn sókè, 20 ni.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan tó ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́ tipẹ́ ló fún àwọn. Ẹ wò ó, ohun tó ń pa ọdẹ láìjẹ́ pé ẹranko bù ú jẹ nìyí. Kátíríjì 20 máa yọ̀ wọ inú ìbọn 12, á kọjá ibi tó yẹ kó dúró, á lọ há sínú ọ̀pá. Ẹni tó ń dẹ̀gbẹ́ lóru á rò pé òun ò tíì ki nǹkan kan, á tún ki 12 tẹ̀lé e, á sì yìn ín. Ìbọn náà á fọ́ lójú ọ̀nà ọwọ́ òsì tó fi dì í mú. Torí rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi máa ń ṣe 20 ní yẹ́lò, kí ojú lè tètè dá a mọ̀. Mo fi bébà wé méjèèjì lọ́tọ̀, mo sì kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìlera wọn. Àwọn tí ara wọn jẹ́ páálí, tó ti pẹ́, omi ti wọ òmíràn, wọ́n ti wú. Àwọn tí ara wọn jẹ́ ike kì í wú, ṣùgbọ́n idẹ ìdí wọn lè dípẹtà, kó yọ nǹkan aláwọ̀ ewé. Mo ń fi aṣọ gbígbẹ nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mọ́, mo gbà á. Èyí tí ìpẹtà bá ti jẹ ojú kékeré tó wà láàárín ìdí rẹ̀, níbi tí ìbọn máa ń gbá kí iná tó ràn, mo yà á sọ́tọ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ti ń là náà, mo yà á sọ́tọ̀. Bàbá fẹ́ ká fi òróró díẹ̀ nu àwọn tó ti ń yí àwọ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n pé ká má ṣe bẹ́ẹ̀, torí òróró máa ń wọ inú ojú kékeré yẹn, á pa ohun tó ń mú iná jáde nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ò gbé èyíkéyìí lọ sínú ìbọn láti wò bóyá ó ṣì bá a mu. Èyí tó bá ti wú, ojú nìkan ti tó o.

Nígbà tí mo parí, mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ báyìí: 75 nínú páálí, 58 tó tú ká, gbogbo rẹ̀ 133. Nínú 58 yẹn, 15 ti bàjẹ́, méjì kì í ṣe ti ìbọn yìí, 41 dára. Èyí tó ṣeé lò jẹ́ 116.

Ibi tí a dé nìyẹn tí ọmọ Bàbá tó wà ní Texas fi pè lórí WhatsApp, ó fẹ́ kí baba òun rí ojú òun. Eré ìdárayá ni ìbọn yíyìn fún àbúrò mi yìí, kì í ṣe ọdẹ. Bó ṣe rí tábìlì wa, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tí ẹ ń kà láti àárọ̀ nìyẹn?" Ó gbé fóònù lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀, ó fi pẹpẹ kan hàn wá tí páálí tò sí láti òkè délẹ̀. Ó ní ọta tó wà níbẹ̀ á lé ní 4,000, àti pé òun fúnra òun ló kún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀rọ kan tó ní ọwọ́ gígùn ló fi ń ṣe é: á fi ojú iná tuntun, tí wọ́n ń pè ní primer, sínú èèpo tó ti yìn tẹ́lẹ̀, á wọn ẹ̀tù sí i, á tẹ òjé lé e.

Bàbá wò ó títí. "Ogun ta ni ìwọ fẹ́ lọ jà?"

"Bàbá mi, kò sí ogun kankan. Àwo amọ̀ la ń yìn."

Ó ṣàlàyé. Ẹ̀rọ á ju àwo pẹlẹbẹ sókè, èèyàn á máa yìn ín bó ṣe ń fò lọ. Àwo 25 ni ìdíje kan, ìyẹn páálí kan gbáko. Ó máa ń yìn 100 lópin ọ̀sẹ̀. Páálí ńlá tó gba 250 tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ò sì lè ká ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún un. Ó ní owó ló kọ́kọ́ mú òun bẹ̀rẹ̀ sí í kún un fúnra òun, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n 2020 sí 2021 ló jẹ́ kí òun máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́, nígbà tí primer di ohun àwátì lórí àtẹ. Òfin àpapọ̀ ìlú wọn ò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń kún ọta tí òun fúnra rẹ̀ máa yìn. Ẹni tó bá fẹ́ tà á ló gbọ́dọ̀ gbàwé. Ti iná ni wọ́n fi ń dín ohun tó ń wà nílé kù: ìlànà àjọ NFPA tó ń rí sí ìdènà iná ní kí ẹ̀tù inú ilé má kọjá 20 pọ́n-ùn nínú agolo tí wọ́n fi tà á, tí kò bá sí nínú àpótí pákó tó nípọn, kí primer má sì ju 10,000 lọ.

Èmi wá fi bírò sí i. Àbúrò mi ń yìn nǹkan bíi 5,000 lọ́dún. 4,000 tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀ ò pé ọdún kan. Bàbá, ní báyìí tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n wọ igbó bíi ti àtijọ́, kì í yìn ju mẹ́rin lọ lóṣù, ìyẹn nǹkan bíi 50 lọ́dún. Ọ̀yà kan, kátíríjì kan. Ọdẹ kì í yìn afẹ́fẹ́. 116 wọn yóò tó ọdún méjì, á tún ṣẹ́kù.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń kó o jọ jù ú lọ."

Ẹ̀rín pa àbúrò mi débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ní kí n tún un ṣírò.

Mo fara mọ́ ìṣirò yẹn ju ohunkóhun tí wọ́n máa ń sọ nípa iye tó "pọ̀ jù" lọ. Bí èèyàn ṣe ń yìn ín tó ló yẹ kó fi wọn ohun tí yóò tọ́jú. Ní ìlú tí ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé, èyí tó bá ju ti ọdún kan lọ, ìpẹtà lèèyàn ń tọ́jú rẹ̀ fún.

Àbúrò mi tún fẹ́ mọ ìdí tí Bàbá ò fi kún àwọn èèpo wọn, àpò sìmẹ́ńtì kan tí wọ́n kún inú rẹ̀. Bàbá ló dá a lóhùn pé ohun tó tọ́ ní Texas, ẹ̀wọ̀n ni níbí. Òfin 1959 yẹn ò gbà kí ẹnikẹ́ni máa ṣe ọta nínú ilé. Àwọn kan máa ń wá ra èèpo lọ́wọ́ ọdẹ, a kì í sì í bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Nítorí èyí, Bàbá gbé ọ̀bẹ jáde, a sì jókòó la èèpo náà gígùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Iṣẹ́ yìí ló sú mi jù. Fèrè àwọn ọmọ náà bá a lọ, wọ́n sì sunkún nígbà tí wọ́n dé.

Ibi ìpamọ́ tuntun ò le. Mo ra àpótí irin kékeré tí rọ́bà wà létí ìdérí rẹ̀, tó sì ní ojú àgádágodo. Mo kó àwọn ọ̀rá tín-tìn-tín tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ká má jẹ. Wọ́n máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Àwọn 41 tó tú ká ni mo tò sókè kí wọ́n lè kọ́kọ́ yìn wọ́n, mo sì fi àwọn páálí sísàlẹ̀ pẹ̀lú oṣù àti ọdún lára wọn. A gbé àpótí náà sórí pẹpẹ pákó nínú yàrá tí oòrùn ò ti ń lu ògiri, ó jìnnà sí ilé ìdáná àti páànù òrùlé. Ìbọn wà ní yàrá mìíràn. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà lọ́wọ́ Bàbá, kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ó ku àwọn 17. Ìyá dá a lábàá pé ká dà wọ́n sí ọ̀sà, aládùúgbò kan ní ká rì wọ́n mọ́lẹ̀. Èyí tí èèyàn rì, ọmọ ẹlòmíràn ló máa hú u. Mo tẹ àgọ́ ọlọ́pàá láago, mo sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa, mo béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ ká gbé e wá. Bàbá mú ìwé àṣẹ wọn lọ́wọ́, èmi mú ìwé àkọsílẹ̀. Wọ́n kà á lójú wa, wọ́n gbà á, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé 17 ni. Ìwé yẹn náà ti wà pẹ̀lú ìwé àṣẹ báyìí.

Bàbá ti ní kí n fa ìlà sínú ìwé àkọsílẹ̀ náà: ọjọ́, iye tí wọ́n yìn, ohun tí wọ́n pa, iye tó kù. Àwọn ò ní ra òmíràn títí yóò fi kù 50. Àbúrò mi ní tí tòun bá kù 1,000 pẹ́rẹ́n, òun ò ní lè sùn. Wọ́n ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà.