Rọ́bà bíréèkì tó le tan-tan lẹ́yìn tí mo gbé jíìpù mi sókè

Mo fi sípírínì tuntun gbé jíìpù kékeré mi sókè ní ínǹṣì 3, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Àfi ìgbà tí mo fi jáàkì gbé ṣáásì, tí ẹsẹ̀ iwájú rọ̀ wálẹ̀: rọ́bà bíréèkì méjèèjì, èyí tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà dé ìdí táyà, le bí okùn ewúrẹ́ tó fẹ́ já. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo kọ́kọ́ tú ibi tí wọ́n dè é mọ́ lára ṣáásì kó lè rọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe yí sítíárìn dé òpin, táyà ń họ ọ́. Mo tún fẹ́ tẹ páìpù irin tó so mọ́ rọ́bà náà wálẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká, mo yáa fi í sílẹ̀.

Rọ́bà tó gùn sí i ló yanjú ẹ̀. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n o! Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rọ̀ débi tó lè rọ̀ dé, ẹ yí táyà sọ́tùn-ún sósì tán, kí ẹ tó fi okùn wọn gígùn rẹ̀. Mo pààrọ̀ wáṣà bàbà (òrùka pẹlẹbẹ tó ń dí ojú ibi tí rọ́bà ti so) pẹ̀lú, nítorí èyí tí wọ́n ti tẹ̀ rí lè máa jò. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ń tẹ bíréèkì, èmi ń tú afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì bíréèkì jáde, láti ìdí táyà tó jìnnà jù lọ sí àpò ọ́ìlì bíréèkì. Mi ò jẹ́ kí ọ́ìlì inú àpò náà gbẹ rárá.

Bíréèkì ti le dáadáa lẹ́sẹ̀ báyìí, kò sì jò. Bí wọ́n ṣe ń tú afẹ́fẹ́ ti ọkọ̀ tó ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì lójijì) lè yàtọ̀.